Bod ose Freetown: àwọn ìbéèrè tí kì í tán nípa ilé onípákó àtijọ́

Kí là ń pè ní bod ose gan-an?

Ilé onípákó ni, irú èyí tí àwọn Krio, ìran àwọn tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀, kọ́ kún ìlú Freetown àti àwọn abúlé orí òkè tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ní Sierra Leone. Ìdí ilé máa ń jẹ́ yangí, òkúta pupa yẹn náà tí gbogbo wa mọ̀ nílé, wọ́n á tò ó títí á fi ga dé ìbàdí èèyàn, níbòmíì ó máa ń ga débi pé wọ́n á rí àyè kó ẹrù sí abẹ́ ilé. Orí yangí yẹn ni wọ́n á gbé férémù igi kà, wọ́n á wá máa kan pákó mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, etí pákó òkè á gun ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí òjò máa ṣàn kọjá lára ẹ̀ láì wọlé. Òrùlé á ga ṣóńṣó, fèrèsé á jẹ́ onígi tó ṣeé ṣí gbayawu.

Púpọ̀ nínú wọn ò tóbi. Pálọ̀ kan, yàrá méjì tàbí mẹ́ta, bárándà kékeré tó kọjú sí títì, ilé ìdáná á dá wà lẹ́yìn nínú àgbàlá nítorí iná. Tíṣà, akọ̀wé, káfíńtà, ìyá ọlọ́jà, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló ni wọ́n. Àwọn olówó náà kọ́ tiwọn o, alájà méjì mẹ́ta, àmọ́ àwọn kékeré ni ọ̀rọ̀ mi dá lé níbí, torí àwọn ni wọ́n ń wó tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú ilé yìí, nígbà wo?

Ní 1792, àwọn èèyàn dúdú bíi 1,200 wọkọ̀ láti Nova Scotia ní Kánádà wá dá Freetown sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹrú ní Amẹ́ríkà rí, wọ́n sá lọ bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Ní 1800 àwọn Maroon, ìran ẹrú tó sá lọ dá dúró lórí òkè ní Jàmáíkà kí wọ́n tó lé wọn kúrò níbẹ̀, dé bá wọn, bíi 550. Ibi tí àwọn méjèèjì ti wá, ilé igi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, káfíńtà sì wà láàárín wọn, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ilé iṣẹ́ Sierra Leone Company tó ń darí ìlú nígbà yẹn náà kó férémù ilé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ wá láti Ìlú Ọba.

Lẹ́yìn tí òfin 1807 fòpin sí òwò ẹrú lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tí wọ́n ń kó lọ tà lójú òkun, Freetown ni wọ́n ń já wọn sí. Àwọn wọ̀nyí ló wá pọ̀ ju gbogbo àwọn tó kọ́kọ́ dé lọ, àwọn àti ọmọ wọn ló mú bod ose tàn kálẹ̀ dé gbogbo abúlé.

Ẹ má retí láti rí ilé 1792 lórí ìdúró o. Àwọn ọkọ̀ ogun Faransé wá kó ìlú náà, wọ́n sì dáná sun ún ní 1794, iná mìíràn sì ti jó lẹ́yìn ìyẹn àìmọye ìgbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́ kù, ìparí 1800-sí-1899 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1900 síwájú ni wọ́n kọ́ ọ.

Kí ló wá kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé dàrú tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí etíkun lọ tà, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú omi nínú wọn, Freetown ni wọ́n bá ara wọn. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ní orúkọ tiwọn lọ́tọ̀, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn mùsùlùmí inú wọn sì fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò Fourah Bay àti Foulah Town ní Freetown.

Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóogùn. 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, 1822 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun, abúlé Bathurst lórí òkè Freetown ni wọ́n mú un lọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Bíṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa mọ̀, tó jẹ́ pé òun ló ṣíwájú àwọn tó gbé Bíbélì wá sí èdè wa, ó ti di ayùn àti òòlù mú kó tó wọ ẹ̀wù àlùfáà. Kì í ṣe òun nìkan, ìran àwọn ọmọdé tí wọ́n já kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ igi, iṣẹ́ òkúta àti aṣọ rírán ní àwọn abúlé yẹn.

Títí dòní ẹ lọ sí àgbàlá Krio, ẹ máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe awujoh, àsè ìrántí fún àwọn tó ti kú, àkàrà á wà níbẹ̀, ẹ̀wà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì bu ti àwọn òkú sínú ihò kékeré nínú ilẹ̀. Ọmọ tuntun ń ṣe komojade. Inú ilé onípákó yẹn àti àgbàlá ẹ̀ ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń gbé láti ọdún yìí wá.

Ilé kékeré lásán, kò sí olókìkí tó gbé ibẹ̀, kí ló níyì nínú ẹ̀?

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù. Ìdáhùn mi ni pé ilé gómìnà àti ilé ìjọsìn ńlá ti wà, wọ́n fi òkúta kọ́ ọ, wọ́n sì ti kọ ìtàn ẹ̀ sínú ìwé. Àwọn wọ̀nyẹn ń sọ bí ìjọba ṣe gbé. Ilé kékeré ló ń sọ bí ẹni tí wọ́n já kúrò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣe dé ibi tí kò mọ ẹnì kankan, tó sì wá di ẹni tó ní ìlẹ̀kùn tiẹ̀, tó lè tì í láti inú lọ́wọ́ alẹ́. Ọ̀pọ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ò kọ ìwé sílẹ̀. Pákó tí wọ́n fá, ojú fèrèsé tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí, bí wọ́n ṣe pín yàrá, ìyẹn ni ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nǹkan àtijọ́ ní Ọsirélíà jókòó ní 1979, wọ́n ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní Burra Charter, ó sì ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Wọ́n ní kí ẹ má wo ẹwà nìkan. Ẹ wo ìtàn, ẹ wo ohun tí èèyàn lè rí kọ́ lára ẹ̀, ẹ wo ohun tó jẹ́ fún àwọn tó ni ín lónìí. Tí ẹ bá fi ìyẹn wọn bod ose, ẹwà ẹ̀ lè má tó nǹkan kan lójú ẹlòmíì, ṣùgbọ́n àwọn yòókù wúwo gan-an ni.

Ohun kan tún wà tí èèyàn kì í tètè rí. Ilé ńlá dá dúró ní iyì tiẹ̀, àmọ́ ilé kékeré, iye wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń fún wọn níyì. Tí mẹ́wàá bá wà ní títì kan, títì yẹn ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á wó ọ̀kan, wọn á ní ṣebí ó ṣì ku mẹ́sàn-án. Ìgbà tó bá ku ẹyọ kan ni wọ́n á wá máa ya fọ́tò ẹ̀, ẹyọ kan ò sì lè sọ ohun tí títì odindi ń sọ.

Irú igi wo ni wọ́n lò?

Onírúurú ni. Igi gẹdú líle pọ̀ nínú igbó Sierra Leone nígbà yẹn, láti 1816 ni wọ́n ti ń gé e tà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ òkun ní Ìlú Ọba, igi tó sì dára fún ọkọ̀ òkun dára fún òpó ilé. Àwọn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ míì ti òkè òkun wá nínú ọkọ̀ oníṣòwò. Nínú ilé kan ṣoṣo ẹ lè bá igi líle ní férémù àti igi fúyẹ́ lára ògiri, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún un ṣe.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e ka orí yangí?

Òjò Freetown ju 3,000 mílímítà lọ lọ́dún, Èkó wa ò gba tó bẹ́ẹ̀, oṣù July àti August ló sì ń rọ̀ ọ́ jù. Igi tó bá fara kan ilẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ jẹrà. Yangí ń gbé igi kúrò níbi tí omi ti ń ta sí i láti ilẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gba abẹ́ ilé kọjá.

Ikán tún ni ìdí kejì. Ikán kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tó bá fẹ́ gun òkè lọ bá igi, á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ̀nà sí ara òkúta. Onílé tó bá ń yí ìdí ilé ẹ̀ ká láràárọ̀ á rí ọ̀nà yẹn, á fọwọ́ ha á dànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú tí mo bá rí i pé wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀, àpò àti àlòkù igi jọ bo ìdí yangí mọ́lẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ọ̀nà olè nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ilé kan ti pẹ́ lóòótọ́?

Ẹ má wo ojú ìta, ọ̀dà àti páànù máa ń tan èèyàn. Ẹ gun àjà lọ tàbí kí ẹ wọ abẹ́ ilé, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú pákó. Tí wọ́n bá fi ayùn ọlọ́wọ́ là á, tí ẹnì kan dúró lókè tí ẹnì kejì dúró sínú kòtò, ilà ayùn á dúró gbọnrangandan àmọ́ kò ní dọ́gba, ọ̀kan á súnmọ́ èkejì, ìkẹta á jìnnà, torí ọwọ́ èèyàn ló ń fà á. Tó bá jẹ́ ayùn ẹ̀rọ tó rí roboto ló là á, ilà ẹ̀ á tẹ̀ bí òṣùmàrè, gbogbo ẹ̀ á sì dọ́gba. Tí ẹ bá fọwọ́ yín ra á, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ wo ìṣó. Ìṣó tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ ní igun mẹ́rin, orí ẹ̀ á ní ojú òòlù lóríṣiríṣi. Èyí tí ẹ̀rọ gé láti ara irin pẹlẹbẹ, ara ẹ̀ fẹjú, á sì tín-ín-rín lọ sí ẹnu. Ìṣó roboto tí a ń rà lónìí, ìparí 1800-sí-1899 ló tó gba ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí ìṣó kan pariwo, ẹni tó wá tún ilé ṣe ní 1960 náà kan ìṣó tiẹ̀. Ẹ wo ibi púpọ̀, pàápàá ibi tí òpó ti pàdé òpó, bóyá wọ́n gbẹ́ ihò sí ọ̀kan tí wọ́n ki ẹnu èkejì bọ̀ ọ́, tí wọ́n fi èèkàn igi dè é, láìsí ìṣó níbẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ẹ bi àwọn àgbà. Ẹ má bèèrè ọdún, ẹ bèèrè pé ta ni wọ́n sin láti inú ilé náà, ta ló ṣègbéyàwó níbẹ̀, ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ta. Èyí máa ń mú yín dé ọdún tó péye ju kí ẹ ní kí wọ́n méfò.

Kí ló ń pa wọ́n run?

Omi ló ṣáájú, òrùlé tó jò tí wọn ò tètè dí. Páànù kan á jò, igi orí ògiri á rà, ògiri á tẹ̀, wọ́n á ní ilé ti darúgbó. Ilé ò darúgbó, páànù ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn omi, ikán. Lẹ́yìn ikán, iná: wáyà àtijọ́, àbẹ́là, ilé tó fara kan ilé.

Ogun abẹ́lé Sierra Leone náà ṣe tiẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown ní January 1999, wọ́n dáná sun ilé rẹpẹtẹ, apá ìlà-oòrùn ìlú ló jìyà jù. Lọ́dún náà ni iná jó ilé àtijọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay College ní àdúgbò Cline Town, tó jẹ́ òkúta yangí, ògiri ẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Tí òkúta bá ṣe báyẹn, ẹ ro ti pákó wò.

Àmọ́ èyí tó ń pa wọ́n lónìí ni owó ilẹ̀. Àárín ìlú ni wọ́n wà, ilẹ̀ wọn wọ́n, ilé sìmẹ́ńtì alájà mẹ́rin á mú owó wọlé níbi tí ilé onípákó ti gba ẹbí kan. Àwọn ọmọ ti lọ sí London àti Amẹ́ríkà, arúgbó kan ló ṣẹ́ kù nílé, òun náà ò lè gun òrùlé mọ́.

Ṣé kò sí òfin tó dáàbò bò wọ́n ni?

Òfin wà. Wọ́n ṣe òfin lórí nǹkan àtijọ́ ní 1946, wọ́n sì gbé àjọ Monuments and Relics Commission dìde láti máa bójú tó o. Erékùṣù Bunce Island, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ tà, wọ inú ìwé ohun tí wọ́n ń dáàbò bò ní 1948, Fourah Bay College àtijọ́ wọ inú ẹ̀ ní 1955. Tí ẹ bá ka orúkọ tó wà nínú ìwé wọn, ẹ máa rí ibi ìṣọ́, ẹnu ọ̀nà, ìbọn àgbá, ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta ló pọ̀ jù. Ilé gbígbé onípákó ti mẹ̀kúnnù ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ní 2012 ìjọba kọ orúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí UNESCO gbà ránṣẹ́, Fourah Bay College àtijọ́ wà níbẹ̀, Bunce Island wà níbẹ̀, títì bod ose kankan ò sí níbẹ̀.

Igi Cotton Tree, àràbà ńlá àtijọ́ tó jẹ́ àmì ìlú láàárín Freetown, ìjì wó o ní 24 May 2023, gbogbo ayé gbọ́, ààrẹ sọ̀rọ̀. Bod ose ń wó láìsí ìjì, ní ọ̀sán gangan, kò sí ìròyìn kankan. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé òfin nìkan ò lè ṣe é. Tí ìjọba bá kọ ilé ẹ sínú ìwé, tí kò fún ẹ ní kọ́bọ̀ láti fi ra páànù, ẹrù ló dì lé ẹ lórí.

Ṣé irú ẹ̀ wà ní Èkó tàbí Badagry?

Àwọn Sàró tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Sierra Leone ní 1839 mú ọgbọ́n iṣẹ́ igi bọ̀, Olówógbowó ni wọ́n pọ̀ sí l'Ékòó. Àmọ́ ilé àtijọ́ tí Èkó fi lókìkí jù jẹ́ ti àwọn Àgùdà ní Pópó Àgùdà, tí wọ́n padà láti Brazil, amọ̀ àti bíríkì ni ògiri tiwọn, igi ló kàn wà ní àjà, àtẹ̀gùn àti fèrèsé. Nítorí náà kì í ṣe irú kan náà.

Ohun tó bá ara mu ni bí a ṣe ń pàdánù wọn. Ilojo Bar ní Tinúbú, ọ̀kan nínú ilé Àgùdà yẹn, ìjọba ti kéde ẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n ṣì wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan ní September 2016. Ẹni tó bá ń sọ pé Krio ò mọyì nǹkan wọn, kó kọ́kọ́ wo ilé tiwa.

Wọ́n ti pààrọ̀ pákó ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣé ilé àtijọ́ náà ṣì ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Ilé igi, pákó ìta ẹ̀ ni aṣọ ẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ gan-an mọ̀ pé wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tó fi kàn án lọ́nà tó ṣeé yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Àwọn tó ti ìlú ilé òkúta wá, ojú òkúta ni wọ́n fi ń wo gbogbo nǹkan, pé ohun àkọ́kọ́ náà nìkan ló jẹ́ ojúlówó. Àwọn ará Japan ò gbà, ojúbọ wọn ní Ise, ogún ọdún ogún ọdún ni wọ́n ń tún un kọ́ látilẹ̀, ti 2013 ló kẹ́yìn. Ní 1994 àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé nílùú Nara ní Japan, wọ́n sì fẹnu kò pé ojúlówó lè wà nínú ìrísí, nínú ìlò, nínú ọgbọ́n iṣẹ́ tí baba fi lé ọmọ lọ́wọ́, kì í ṣe nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ nìkan.

Síbẹ̀ ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Tí férémù àtijọ́ bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kó wà. Èyí tó bá rà nìkan ni kí ẹ yọ, bó bá jẹ́ ìdí òpó ló rà, ẹ gé ìdí náà kúrò kí ẹ so igi tuntun mọ́ ọn, kí òpó yòókù wà níbi tí wọ́n gbé e sí láti ọjọ́ kìíní.

Mo fẹ́ tún ti ẹbí wa ṣe, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Òrùlé. Ẹ má ra ọ̀dà, ẹ má ra táìsì, ẹ má pààrọ̀ fèrèsé, ẹ dí òrùlé ná, kí ẹ ṣe ọ̀nà tí omi máa gbà kúrò ní ìdí ilé. Ilé tí orí ẹ̀ kò jò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò tutù lè dúró dè yín títí owó á fi dé.

Ẹ má rẹ́ sìmẹ́ńtì mọ́ ara pákó, ẹ má sì fi sìmẹ́ńtì dí ojú yangí. Sìmẹ́ńtì ò ní jẹ́ kí omi tó ti wọ inú jáde, igi á máa jẹrà lẹ́yìn ẹ̀ tí ojú ìta á ṣì máa dán. Láìmù, ẹfun ìkọ́lé tí wọ́n fi ń so òkúta pọ̀, ló bá yangí mu. Pákó tuntun tí ẹ bá fẹ́ lò, kó ti gbẹ dáadáa, tútù á fà pọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kàn án tán, àlàfo á wà. Àwọn kan máa ń fi óílì ẹ́ńjìnì àlòkù kun igi nítorí ikán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, inú ilé igi lẹ kó epo sí yẹn.

Ọ̀dà àtijọ́ máa ń ní òjé nínú, tí ẹ bá ń ha á ní gbígbẹ, eruku ẹ̀ jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bo imú, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó ha á, ẹ fi ọ̀bẹ fá ibi kékeré kan títí dé igi kí ẹ rí gbogbo àwọ̀ tí ilé ti wọ̀ láti ọdún yìí wá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Ṣé mo lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ìsàlẹ̀ kí òkè máa jẹ́ pákó?

Ọ̀pọ̀ ti ṣe é, mi ò bú wọn, ilé wọn ṣì dúró. Àmọ́ ìyípadà tí kò ṣeé dá padà ni, ó sì máa ń pa ìrísí ilé náà jù lọ. Bí yangí bá ṣì lágbára, tó jẹ́ pé ìsopọ̀ ẹ̀ nìkan ló ti jẹ, ẹ tún ìsopọ̀ ṣe. Tí ẹ bá nílò yàrá sí i, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ sí ẹ̀yìn, kó dá dúró, kó má fara kan férémù igi.

Kò sí owó rárá. Kí la lè ṣe?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù ti tó. Ẹ ya ìta láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ya yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya ìsopọ̀ igi, àgbékọ́ ìlẹ̀kùn, àtẹ̀gùn. Ẹ fi okùn wọn gígùn àti ìbú, ẹ yà á sórí ìwé bó ti wù kó rí. Ẹ gba ohùn àgbà tó gbé ibẹ̀ sílẹ̀, kó máa rìn kiri nínú ilé bó ṣe ń sọ̀rọ̀, yàrá á máa rán an létí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí tó wà níbi mẹ́ta ó kéré tán, torí fóònù máa ń sọnù.

Ẹbí ti pọ̀, kálukú ní ìpín, àwọn tó wà lókè òkun fẹ́ tà. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ó le díẹ̀. Ní Western Area tí Freetown wà, èèyàn lè ra ilẹ̀ kó ní ìwé ẹ̀ pátápátá lábẹ́ òfin irú ti Gẹ̀ẹ́sì, kò rí bíi ti àwọn ìgbèríko tí ilẹ̀ wà lábẹ́ àṣà. Torí náà baba ńlá kan ra ilẹ̀, ó kú, ọmọ méje jogún ẹ̀, àwọn méje bí tiwọn, ẹ máa bá èèyàn ogójì tó ní ẹ̀tọ́ sí yàrá mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ náwó sí ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, ilé á máa rà títí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yanjú ìwé kí ẹ tó yanjú pákó. Ẹ wá lọ́yà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ajogún, ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa dúró fún ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ tà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn mọ̀lẹ́bí yòókù ra ìpín ẹ̀. Kí àwọn ará London sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ilé yẹn ló ti ń gbá omi òjò láti ogún ọdún, ohùn tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo jù níbi ìpàdé.

Ṣé kò ní dára kí wọ́n tú u, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé?

Ilé igi ṣeé gbé lóòótọ́, ní Stockholm wọ́n ti ń kó ilé àtijọ́ jọ sí Skansen láti 1891. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ ohun tó kẹ́yìn. Ìlànà Venice ti 1964, tí àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ilé àtijọ́ ṣe, sọ ọ́ kedere pé ibi tí ilé wà jẹ́ ara ilé. Bod ose tí wọ́n gbé kúrò ní títì ẹ̀, kò sí àgbàlá awujoh mọ́, kò sí aládùúgbò tó ń kí wọn láti bárándà. Férémù àti pákó nìkan ló dé ibẹ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ń jìyà. Ṣé kì í ṣe ìkà ni kéèyàn ní kí wọ́n má wó o?

Ìkà ni, tó bá jẹ́ pé àwa tí à ń gbé inú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù là ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fara dà á. Ilé tí òjò ń rọ̀ sí i lórí kì í ṣe ogún, ìjìyà ni, ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n sùn níbi gbígbẹ. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn mú arúgbó sínú ilé tó ń wó.

Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kó rà tàbí kí wọ́n wó o. Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná ìgbàlódé ṣeé kọ́ sẹ́yìn. Wáyà ṣeé pààrọ̀. Fèrèsé onígi ṣeé fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí. Ẹ ní kí káfíńtà tó mọ ilé igi yẹ̀ ẹ́ wò kí kọngílá tó wá, torí kọngílá tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù ló mọ̀ á sọ pé ilé ti kú, ohun tó mọ̀ ló sọ.

Tí káfíńtà bá wò ó tó sọ pé férémù ti lọ, kò ṣeé gbé mọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi katapílà wó o. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tán, kí wọ́n fọwọ́ tú u láti òrùlé wálẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ara ohun tó ṣì dára. Ìlẹ̀kùn, fèrèsé, àgbékọ́, pákó tó ti gbẹ, bod ose míì wà ní àdúgbò tó nílò wọn, ẹ bi àwọn onílé wọ̀nyẹn kí ẹ tó pe ẹni tó ń kó àlòkù lọ.